Ọmọọba Condé: Balógun Tó Gbógun Ti Ọba Rẹ̀, Tó Sì Padà Wá Kúnlẹ̀

Nínú ìwé ìròyìn wa tó kọjá, níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó di balógun ní kékeré, a dárúkọ Louis de Bourbon, Ọmọọba Condé ti ilẹ̀ Faransé, ní gbólóhùn kan péré. Gbólóhùn kan yẹn ti kó lẹ́tà jọ sórí tábìlì wa. A ó dáhùn mẹ́rin nínú wọn lónìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan náà ni gbogbo wọn ń bi wá.

*Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Olùkọ́ ìtàn ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Nígbà tí mo ka ohun tí ẹ kọ sétí àwọn ọmọ kíláàsì mi, pé ọkùnrin yìí gbé idà sí ọba rẹ̀, pé ó lọ bá ọ̀tá, tó sì fi ọdún mẹ́jọ bá ilé ara rẹ̀ jà kí ó tó padà wá gba oyè rẹ̀, ọmọ kan nawọ́ sókè, ó ní, "Sà, kí ló dé tí wọn kò pa á?" N kò rí èsì fún un. Ní ìlú Tóyèjẹ àti Òjó Aburúmákùú, a mọ ohun tí ojú Kakaǹfò tó bá kọ̀yìn sí Aláàfin máa ń rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá ọmọ náà lóhùn.*

Ìbéèrè ọmọ yẹn jinlẹ̀, ẹ bá wa kí i. Ohun tó mú un jinlẹ̀ ni pé ilẹ̀ Faransé ìgbà náà kì í fi ojú àánú wo ọlọ̀tẹ̀. Ní ọdún 1632, Henri de Montmorency, àbúrò ìyá Condé, gbé ohun ìjà sí ọba. Wọ́n mú un lójú ogun pẹ̀lú ọgbẹ́ lára, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí ní ìlú Toulouse ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, láìwo ti orúkọ ńlá ìdílé rẹ̀. Ọmọ ọdún 11 ni Condé nígbà náà. Wọ́n gba Chantilly, tí í ṣe ilé àwọn Montmorency, wọn kò sì dá a padà fún ìyá rẹ̀ títí di 1643. Inú ilé yẹn gan-an ni òun náà padà wá gbé lọ́jọ́ ogbó rẹ̀. Bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ti ṣẹ̀wọ̀n láti 1616 títí di 1619 nítorí ọ̀ràn ìṣọ̀tẹ̀, bàbá tó bí bàbá bàbá rẹ̀ sì kú lójú ogun ní Jarnac ní 1569, níbi tó ti ṣáájú àwọn ọmọ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì dojú kọ àwọn ọmọ ogun ọba. Kò sí ẹni tó ní láti sọ ohun tí ọ̀tẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ẹni fún ọmọ tí a bí sí irú ilé bẹ́ẹ̀.

Párísì ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1621. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1646, òun ni wọ́n wá ń kà sí àkọ́kọ́ nínú àwọn ìbátan tó bá ọba pín ẹ̀jẹ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìran rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di olókìkí. Ọba Louis Kẹtàlá wàjà ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 1643, ó sì fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ sórí ìtẹ́. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, níwájú ìlú Rocroi tí àwọn Sípéènì ti dó tì, ọmọ ọdún 21 yìí kó àwọn ọmọ ogun Faransé jáde. Àwọn tó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan tó 20,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bíṣọ́ọ̀bù Bossuet, ẹni tó wàásù nígbà ìrántí òkú rẹ̀, sọ pé ńṣe ni wọ́n ní láti jí i lójú oorun àsùnwọra ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ohun tí ẹṣin ṣe fún Ọ̀yọ́ Ilé yóò mọ iyì ohun tó tẹ̀ lé e. Condé kó àwọn ẹlẹ́ṣin apá ọ̀tún, ó tú apá òsì àwọn Sípéènì ká. Ní àkókò kan náà, apá òsì tirẹ̀ ń wó lọ. Ọ̀pọ̀ balógun ni ìbá gbá tẹ̀ lé àwọn tó ń sá, kí wọ́n máa kó ìkógun. Condé yí orí ẹṣin padà. Ó gba ẹ̀yìn gbogbo ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ Sípéènì kọjá láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ó sì yọ lẹ́yìn àwọn ẹlẹ́ṣin ọ̀tá tí wọ́n ti ń rò pé ọwọ́ àwọn ti tẹ ìṣẹ́gun. Ó wá ku àwọn ẹlẹ́sẹ̀ Sípéènì, àwọn tí gbogbo Yúróòpù ti ń bẹ̀rù láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Wọn kò yẹsẹ̀, wọ́n lé àwọn Faransé padà léraléra kí ẹ̀pa tó bóró mọ́. Ọ̀gá wọn, Fontaine, ti darúgbó, àrùn oríkèé kò sì jẹ́ kí ó lè gun ẹṣin mọ́. Orí àga ni wọ́n gbé e sí wọ ojú ogun, ibẹ̀ náà ló sì kú sí. Mo máa ń rántí àga yẹn nígbàkígbà tí wọ́n bá ń yin Rocroi létí mi, torí pé ìgboyà ọjọ́ náà kò sí lọ́dọ̀ ẹni tó ṣẹ́gun nìkan.

Lẹ́yìn Rocroi, ìṣẹ́gun ń tẹ̀ lé ìṣẹ́gun: Freiburg ní 1644, Allerheim lẹ́bàá Nördlingen ní 1645, ìlú Dunkirk ní 1646, Lens ní 1648. Lérida ní ilẹ̀ Catalonia nìkan ni kò gbà fún un, ní 1647.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ wá nìyí. Ogun ọdún gbọọrọ ti gbẹ àpò ìjọba, Ayaba Anne tó ń ṣàkóso fún ọmọ rẹ̀ àti Kádínà Mazarin tó jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ń bu owó orí lé owó orí. Ní 1648, àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga Párísì kọ̀ jálẹ̀, ìlú sì dàrú. Fronde ni àwọn Faransé ń pe rúkèrúdò náà, èyí tí í ṣe kànnàkànnà ní èdè tiwa, nítorí àwọn ọmọ ìgboro tó ń fi kànnàkànnà sọ òkúta ní àdúgbò. Ta ni ayaba ké sí? Condé ni. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 1649, ọkùnrin tó padà di olórí ọlọ̀tẹ̀ yìí ló dó ti Párísì lórúkọ ọba, tó dí ọ̀nà oúnjẹ títí tí búrẹ́dì fi wọ́n. Mo fẹ́ kí ọmọ yẹn fi èyí sọ́kàn dáadáa, nítorí àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka Condé sí ajàfẹ́tọ̀ọ́ mẹ̀kúnnù. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀tọ́ tó ń jà fún kò kọjá ti ara rẹ̀ àti ti ilé rẹ̀.

Nígbà tí àlàáfíà dé, ó gbà pé òun ni òun gba ìtẹ́ sílẹ̀, pé gbèsè ńlá sì wà lọ́rùn ayaba. Ó ń béèrè oyè fún tèmi-ni, ó ń fi Mazarin ṣẹ̀sín ní gbangba. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1650, wọ́n ké sí i wá sí ìgbìmọ̀ ní ààfin, wọ́n sì fi àṣẹ mú un pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ Conti àti ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Longueville. Oṣù mẹ́tàlá ló lò lẹ́wọ̀n. Ní Vincennes, níbi tí wọ́n kọ́kọ́ tì í mọ́, ó ń gbin òdòdó, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bomi rin ín. Ìyá rẹ̀ kú ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, kò lè dé ibi òkú. Nígbà tí agbára bọ́ lọ́wọ́ Mazarin ní oṣù Kejì ọdún 1651, Kádínà fúnra rẹ̀ ló gbọ̀nà Le Havre lọ láti tú u sílẹ̀, bóyá ó rò pé ìyẹn yóò tu ọkàn rẹ̀ lójú. Kò tù ú. Nígbà tí wọ́n kéde ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án pé ọba ọmọdé náà ti tó ọkùnrin, Condé kò yọjú síbi ayẹyẹ náà. Bordeaux ló kọrí sí, kí ọdún tó parí ó ti bá Sípéènì mulẹ̀.

Ogun abẹ́lé náà dé góńgó rẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1652, ní Saint-Antoine lẹ́yìn odi Párísì. Àwọn ọmọ ogun ọba há Condé mọ́ ara odi, ìlú sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Obìnrin kan ló gbà á là: Mademoiselle de Montpensier, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá àti àbúrò bàbá ni òun àti ọba. Ó mú kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn odi, ó sì ní kí wọ́n yin àgbá tó wà lórí ilé Bastille lu àwọn ọmọ ogun ọba. Obìnrin yìí ròyìn bí Condé ṣe rí nígbà tó wọlé tọ̀ ọ́ wá. Eruku bò ó lójú, irun rẹ̀ ti dì mọ́ra, ẹ̀jẹ̀ kún kọ́là àti ẹ̀wù rẹ̀, idà wà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé àkọ̀ rẹ̀ ti sọnù, ó sì ń sunkún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kú. Mo gbà pé ẹkún yẹn ti ọkàn wá. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n pa ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú gbọ̀ngàn ìlú Párísì, àwọn ará ìlú sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru Condé. Kí oṣù Kẹwàá tó parí, ó ti kúrò ní Párísì, ọba sì ti wọlé.

Ó wá di ọ̀gágun Sípéènì ní ojúlówó. Ní 1654, ilé ẹjọ́ gíga Párísì dá a lẹ́jọ́ ikú, nítorí náà ẹ lè sọ fún ọmọ yín pé wọ́n fẹ́ pa á. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí wọ́n mú lójú ogun ni Montmorency, ilẹ̀ Faransé náà ni wọ́n sì ti mú un. Ilẹ̀ Fúlándà tó wà lábẹ́ Sípéènì ni Condé dúró sí, pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ogun sú àwọn méjèèjì, tí Mazarin àti Don Luis de Haro, aṣojú ọba Sípéènì, jókòó láti ṣe àdéhùn ní ààlà ilẹ̀ wọn ní 1659, ọ̀rọ̀ Condé fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìjókòó náà ká. Sípéènì kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ja ẹni tó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ nítorí òun kulẹ̀. Kí wọ́n lè dá oyè àti ilẹ̀ rẹ̀ padà fún un, Sípéènì gbà láti fi ìlú Avesnes lé Faransé lọ́wọ́. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé náà ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1660, ní Aix-en-Provence, Condé kúnlẹ̀ níwájú ọba ọmọ ọdún 21, ọjọ́ orí tí òun fúnra rẹ̀ wà ní Rocroi, ó sì tọrọ àforíjì.

Ọba dárí jì í, àmọ́ kò fún un ní ọmọ ogun kankan títí di 1668. Ọdún mẹ́jọ mìíràn nìyẹn, fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju ogun lọ. Mo gbà pé ìyẹn ni ìyà rẹ̀.

*Olóòtú, mo kí yín láti ọjà Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́. Aṣọ òfì ni mò ń tà. Ẹ sọ pé ọkùnrin yìí ní ìyàwó, ẹ kò sọ nǹkan kan nípa obìnrin náà. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n?*

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ẹ tọ́ka sí ibi tó ń dùn mí jù nínú ìtàn yìí. Claire-Clémence de Maillé-Brézé ni orúkọ rẹ̀, ọmọ àbúrò Kádínà Richelieu obìnrin sì ni, ẹni tó ń paṣẹ ní Faransé nígbà náà. Kò tíì pé ọmọ ọdún 13 nígbà tí wọ́n fi í fún Condé ní 1641. Bàbá Condé ló fẹ́ ẹ fún un láti fi wá ojúrere Kádínà. Ọkàn ọmọkùnrin náà wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, kò sì fi pa mọ́ fún ìyàwó rẹ̀.

Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ti ọkọ rẹ̀ mọ́lé ní 1650, ọmọbìnrin tí wọn kò kà sí yìí yọ́ jáde ní Chantilly pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí kò tíì pé ọdún méje, ó gba ọ̀nà jíjìn lọ sí gúúsù, ó wọ Bordeaux, ó sì bẹ ìlú náà títí tí wọ́n fi gbé ohun ìjà nítorí ọkọ rẹ̀. Ìgbà tí ọkọ ń bomi rin òdòdó ni aya ń jagun. Ìlú náà di ara rẹ̀ mú títí di ìgbà ìkórè èso àjàrà kí wọ́n tó gba àlàáfíà.

Ní 1671, àwọn ọkùnrin ilé rẹ̀ méjì ń jà, ó sì fara gbọgbẹ́ níbẹ̀. Òfófó bẹ̀rẹ̀. Condé fi í ránṣẹ́ sí ilé olódi Châteauroux, inú ibẹ̀ ló wà títí ó fi kú ní 1694, ọdún 23 gbáko, tó sì ju ìgbà ikú ọkọ rẹ̀ lọ ní ọdún mẹ́jọ. Ọkùnrin tí ọba dárí jì lẹ́yìn tó ti gbé idà sí i kò dárí ji obìnrin tó gbé idà nítorí rẹ̀. N kò rí àwíjàre kankan fún un nínú èyí, bí mo tilẹ̀ fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn ogun rẹ̀.

*Ẹ káàárọ̀ o, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láàárín Condé àti Turenne, balógun Faransé kejì ìgbà náà, ta ló mọ ogun jà jù?*

Ọmọ mi, Turenne ni, lójú tèmi. Turenne náà ti ṣọ̀tẹ̀ rí ní 1650, ṣùgbọ́n ó tètè padà sábẹ́ ọba, òun ló sì ṣáájú ogun ọba ní Saint-Antoine. Ó lé Condé àti àwọn Sípéènì kúrò lẹ́yìn odi Arras ní 1654, ó tún ṣẹ́gun wọn lórí iyanrìn etí òkun Dunkirk ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 1658. Òótọ́ ni pé Condé na òun náà dáadáa ní Valenciennes ní 1656. Ojú Condé a máa tètè rí ibi tí ogun ti fẹ́ fọ́, kò sí ẹni tó ju ú lọ nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n kò ka ẹ̀mí sí. Ní Freiburg, ó ń rán àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gun òkè tí ìbọn ti ń rọ̀ lé wọn lórí, léraléra. Ní Seneffe ní 1674, nígbà tó ti di ẹni ọdún 52, wọ́n pa ẹṣin nídìí rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n sì sin ní ìhà méjèèjì láìsí pé ẹnì kan rí ìṣẹ́gun gidi gbé lọ sílé. Nígbà tí ọta àgbá pa Turenne ní oṣù Keje ọdún 1675, Condé ni wọ́n rán lọ gba ipò rẹ̀ ní Alsace. Ogun àjàkẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn.

*Olóòtú, ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kú làálàá. Àgbàlagbà ni mí ní Ọ̀yọ́. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ òyìnbó dà wá láàmú. Ṣé Afọ̀njá kọ́ ni Condé yìí, àbí Kúrunmí ni?*

Bàbá, a dọ̀bálẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú Kúrunmí kúrò níbẹ̀. Kúrunmí kọ̀ láti jẹ́wọ́ Adélù ní Aláàfin nítorí pé àṣà ni pé kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Bóyá a gbà pẹ̀lú rẹ̀ o, bóyá a kò gbà, ohun kan tó ti wà kí wọ́n tó bí i ló torí rẹ̀ ja ogun Ìjàyè. Condé kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Afọ̀njá ló sún mọ́ ọn jù. Òun náà jẹ́ akọni tí ọwọ́ rẹ̀ le ju ti ẹni tó ń sìn lọ, òun náà gbà pé wọn kò ka òun sí tó, òun náà sì na ọwọ́ sí àwọn àlejò kí wọ́n wá ran òun lọ́wọ́. Ibi tí wọ́n ti yà ni pé àwọn tí Afọ̀njá pè wá bá a gbé ní Ìlọrin ló yí ọfà padà sí i. Àwọn tí Condé lọ bá kò dà á. Wọ́n fi ìlú ra ọ̀nà ilé fún un. Gbogbo ohun tó rí lẹ́yìn 1659, Chantilly tó tún ṣe pẹ̀lú ọgbà àti omi tí Le Nôtre tò, àwọn òǹkọ̀wé bíi Racine àti La Fontaine tó máa ń gbà lálejò níbẹ̀, orí ìwé àdéhùn yẹn ni gbogbo rẹ̀ dúró lé.

Níwọ̀n bí ẹ ti jẹ́ àgbà, ẹ ó fẹ́ mọ bó ṣe kú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1686, ìròyìn dé Chantilly pé ìgbóná ti mú ìyàwó ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Fontainebleau. Ọmọ ọdún 13 ni ìyàwó náà, ọmọ bíbí ọba sì ni. Condé ti di ẹni ọdún 65, àrùn oríkèé ti sọ òun náà di bíi Fontaine orí àga. Wọ́n gbé e lọ, ó sì dúró ti ọmọ náà. Ọmọ yè, òun ni kò yè. Ó kú níbẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá. Kí ẹ̀mí tó bọ́, ó ránṣẹ́ lẹ́tà kan sí ọba, ó bẹ̀bẹ̀ nínú rẹ̀ fún ọmọ àbúrò rẹ̀, ọ̀dọ́ Ọmọọba Conti, tó ti ṣe àìgbọràn, tí ọba sì ti lé kúrò níwájú rẹ̀. Ọba gba ẹ̀bẹ̀ náà.